Bí Ẹ̀sọ̀ Layé Ṣe Wọ Bàtà Agbégilódò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín rí, ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé, "Wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí o tó bú ẹnu rẹ̀"? Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń parí ìjà tọkọtaya. Ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹbí, nígbà tí wọ́n bá ń di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pa á ni kò ní ọkọ̀, wọn kò sì bèèrè rí pé ọkọ̀ wo ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ọkọ̀ kan pàtó ni. Ẹ̀sọ̀ Layé ni orúkọ rẹ̀, ìlú Òkè-Amọ̀ ló sì ti wá.

Ní Òkè-Amọ̀ nígbà náà, wọn kì í fi orúkọ tí ìyá sọ ọmọ pe ẹni tó bá ní ọkọ̀. Ohun tó bá kọ sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Tìámíyù kọ "Ta Ló Mọ Ọ̀la" sára tirẹ̀, gbogbo ìlú sì ń kí i pé, "Bàbá Ta-Ló-Mọ̀, ẹ kú àárọ̀ o." Oyèkàńmi kọ "Ẹ̀sọ̀ Layé" sára tirẹ̀, ó sì di Bàbá Ẹ̀sọ̀. Ẹ̀rín ni orúkọ náà ń pa àwọn tó mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ẹni tí kò ní ẹ̀sọ̀ tó o ní gbogbo agbègbè náà. Ọkùnrin tó ń bu iṣu jẹ kí ó tó jinná ni. Bó bá kan ilẹ̀kùn yín, yóò ti jókòó kí ẹ tó bèèrè pé ta ni.

Láṣùpọ̀ ló ń bá a wa ọkọ̀. Láṣùpọ̀ sanra, ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì ń rọra rìn. Bí èèyàn bá ń wá ẹ̀sọ̀ tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ náà, inú Láṣùpọ̀ ni yóò ti bá a. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó máa ń kó ìkòkò àti àwọn obìnrin amọ̀kòkò láti Òkè-Amọ̀ lọ sí ọjà Agbède, gúgúrú a sì máa wà lẹ́nu rẹ̀ lálọ lábọ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan mọ́ ara. Síbẹ̀, kì í ṣe wọ̀bìà. Bí wọ́n bá rọ epo kún táńkì rẹ̀ láàárọ̀, yóò lọ, yóò bọ̀, yóò sì tún ku èyí tí wọn yóò fi lọ gbé igi tí wọ́n ń fi sun ìkòkò.

Gíga ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ta Ló Mọ Ọ̀la ga. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá jọ dúró ní ibùdókọ̀, ńṣe ni Ẹ̀sọ̀ Layé máa ń dà bí ẹni tó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Tìámíyù na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi ń gbá Ẹ̀sọ̀ Layé lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Bàbá Ẹ̀sọ̀, ẹ kú ìtọ́jú o," ó ní. "Ìgbà wo lẹ máa já a lẹ́nu ọmú?"

Gbogbo ibùdókọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ẹ̀sọ̀ kò rí oorun sùn. Kí ọjà mìíràn tó pé, ó ti lọ bá àwọn tó ń tú agbégilódò àlòkù tà, àwọn ọkọ̀ ràgàjì tó ń kó gẹdú jáde láti inú igbó. Ó ra táyà ẹsẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n fi wọ Ẹ̀sọ̀ Layé.

Fọ́kanáísà wo táyà, ó wo ọkọ̀, ó tún wo táyà. "Bàbá, bàtà yìí ju ẹsẹ̀ yìí lọ."

"Ìwọ ni yóò wọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Nígbà náà, so ó mọ́ ọn."

Wọ́n so ó mọ́ ọn. Táyà náà ń ha irin tó bò ó lókè, ni wọ́n bá gbé ayùn, wọ́n gé irin kúrò lọ́nà. Nígbà tí Ẹ̀sọ̀ Layé jáde, ó ga débi pé àwọn amọ̀kòkò ní láti gun àpótí kí wọ́n tó lè wọ inú rẹ̀. Ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀ ló jọ. Ṣùgbọ́n ó ga, Tìámíyù kò sì lè gbá a lórí mọ́. Bàbá Ẹ̀sọ̀ ń yí ọkọ̀ náà po títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ọkọ ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi bàtà tuntun lọ sí ọjà, ọ̀pọ̀ ìkòkò ló fọ́. Táyà náà le koko, gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ló ń já sí abẹ́ ìkòkò. Ìyá Morádéyọ̀, olórí àwọn amọ̀kòkò, gbé àpáàdì wá bá Bàbá Ẹ̀sọ̀ nílé. Òun nìkan ló ṣì ń pè é ní Oyèkàńmi ní gbogbo ìlú, nítorí ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń rákòrò.

"Oyèkàńmi, ìkòkò la dì sínú ọkọ̀ rẹ. Kí ló dé tó jẹ́ àpáàdì la bá níbẹ̀?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn."

Ó mú ìṣó, ó lọ bá àwọn táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ẹnu wọn, afẹ́fẹ́ ń jáde fùùù. Láṣùpọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ bó ti ń rì sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ níbẹ̀."

"Kí ni ìwọ mọ̀? Táyà tó bá yó, títa ló ń ta bí ìbaaka. Táyà tó bá rọ̀, tìmùtìmù ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni, nítorí láti ọjọ́ náà, ìkòkò kan kò fọ́ mọ́. Ọkọ̀ náà ń jó lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin ń sùn nínú rẹ̀, wọ́n sì ń súre fún Bàbá Ẹ̀sọ̀ bí wọ́n bá jí. Àṣìṣe tó bá kọ́kọ́ so èso dídùn, ta ni yóò pè é ní àṣìṣe?

Kò pẹ́ tí epo fi tán lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, ibi tó ti tán tún jìnnà sílé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá Ẹ̀sọ̀ pe awakọ̀ rẹ̀.

"Láṣùpọ̀, epo mi dà?"

"Ọkọ̀ ló mu ún, Bàbá."

"Ọkọ̀ tó ti ń mu epo láti ọjọ́ tó ti dáyé, òùngbẹ wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbẹ ẹ́?"

"Èmi náà bi í, Bàbá. Kò dá mi lóhùn."

Bàbá Ẹ̀sọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gun inú ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ aago tó ń ka máìlì níwájú awakọ̀. Iye tí aago náà máa ń kà láti Òkè-Amọ̀ dé Agbède kò ṣàjèjì sí i. Ó ti mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ àwọn ìyàwó rẹ̀. Ohun tó rí lọ́jọ́ náà kéré sí i. Ó fò sílẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ ta.

"Mo ti mú ọ! O kì í dé Agbède! Ibì kan lo ti ń dúró lójú ọ̀nà, tí o ń fa epo mi tà!"

"Bàbá," ni Ìyá Àńjọọ́rìn, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀kòkò, dá sí i, "gbogbo wa la jọ dé Agbède. Ibẹ̀ la ti ta ìkòkò."

"Ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀!"

Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó jókòó ti Láṣùpọ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára aago títí wọ́n fi dé Agbède. Ó rí ọjà. Ó rí àwọn tó ń ra ìkòkò. Ó tún wo aago: iye náà ṣì kéré. Ó ronú títí, ó mi orí.

"Ìjọba," ó ní. "Wọ́n ti gé ọ̀nà wa jẹ."

Ọ̀nà kúrú, síbẹ̀ epo tó ń nù ń pọ̀ sí i. Kò sí bí Bàbá Ẹ̀sọ̀ ṣe rò ó tí kò ní padà sọ́dọ̀ Láṣùpọ̀. Ó ra àgádágodo ńlá kan, ó fi ti ẹnu táńkì, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn lábẹ́ dàńṣíkí. Epo tán. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níta, lẹ́bàá táńkì gan-an, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, eruku ń kùn ún bí osùn. Àwọn ará abúlé tó rí i bó ṣe ń kọjá rò pé oyè ni wọ́n ń gbé e lọ jẹ, wọ́n ń kí i pé, "Ọba á pẹ́ o!" Epo sì tún tán.

Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ láti fura sí èèyàn, ó kọjú sí ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró níwájú ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

"Wọ̀bìà! Ọ̀kánjúwà! Wo bí ẹnu rẹ ṣe gbòòrò! Epo tí mo fún ọ láàárọ̀, ṣé kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ ń mu nìyẹn?"

Ó pe mẹkáníìkì kó wá dín ẹnu ọkọ̀ náà kù. Mẹkáníìkì tú u, ó fọ̀ ọ́, ó dì í le, ó padà dé e. Ohun tó yí padà kò ju pé ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ, ó sì ń yọ èéfín dúdú bí ìdí ààrò.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di gidi fún Láṣùpọ̀. Ní agbègbè náà, awakọ̀ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba ibùdókọ̀ pé olè epo ni, kò sí olówó ọkọ̀ tí yóò gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ mọ́ láyé. Ọkọ̀ nìkan ni Láṣùpọ̀ sì mọ̀ wà. Ó ti dán oko wò rí. Ẹ̀gẹ́ tó gbìn, ìdoríkodò ló gbin gbogbo rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì wá láti abúlé mìíràn láti wá wò ó.

Ọjà ńlá tó ṣáájú ọdún ìjẹṣu pé, ọjà tí ìkòkò ń tà jù láàárín ọdún. Bàbá Ẹ̀sọ̀ dúró níwájú gbogbo àwọn amọ̀kòkò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Láṣùpọ̀, ojú gbogbo wọn ni mo ti ń sọ ọ́. Mo rọ epo kún táńkì. Mo tì í pa. Èmi ni mo máa jókòó tì í. Bó bá tán ká tó dé Agbède, ibùdókọ̀ Agbède ni mo ti máa pe orúkọ rẹ."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Láṣùpọ̀ wí. Kò ra gúgúrú lọ́jọ́ náà.

Wọ́n di ẹrù bí wọn kò tíì dì í rí, ìkòkò lórí ìkòkò, àwọn obìnrin láàárín. Ẹ̀sọ̀ Layé ń lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wúkọ́, táyà rẹ̀ ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Wọ́n dé Orí Òkè Aláàpá, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú díẹ̀ kó tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí Agbède. Èéfín àwọn olóúnjẹ ọjà ti ń hàn nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó sì dákẹ́.

Bàbá Ẹ̀sọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí àpótí rẹ̀, ó pupa láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ó tán! Ó tún tán! Mo jókòó tì í, ó sì tán lábẹ́ ìdí mi! Láṣùpọ̀, la ẹnu!"

Láṣùpọ̀ la ẹnu. Bàbá Ẹ̀sọ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kó yí padà. Ó wo àpò ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ikùn rẹ̀ bí ẹni ń kan àgbá, ó ń tẹ́tí sí i.

"Bàbá, ikùn mi ni," ni Láṣùpọ̀ wí. "Ẹ̀bà ló wà níbẹ̀."

"A máa mọ̀ tí a bá dé ìsàlẹ̀. Ẹ ti ọkọ̀!"

Ẹ sì wo ọ̀ràn tó bá Láṣùpọ̀. Òun ni yóò ti ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti bà á lórúkọ jẹ́. Síbẹ̀, ó gbé èjìká lé e. Àwọn amọ̀kòkò so ìró wọn le, wọ́n tì í. Kò mì. Àwọn àgbẹ̀ tó ń re ọjà sọ iṣu kalẹ̀, wọ́n bá wọn tì í. Kò mì. Adẹ́mu kan dé lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú agbè ẹmu rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò wọ́n títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun," ó ní, "ọkọ̀ lẹ ń tì ni àbí ilé?"

Ẹsẹ̀ Láṣùpọ̀ yọ̀, ó ṣubú dùbúlẹ̀. Bó ṣe wà nílẹ̀, táyà ni ojú rẹ̀ kọjú sí. Àwọn tó kù ń tì, ó sì ń wò ó: bí wọ́n bá tì, ọkọ̀ á yẹ̀ síwájú, táyà á ká bí ètè arúgbó tí kò léyín, á sì fa gbogbo rẹ̀ padà. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Ó ti ya wèrè," ni Bàbá Ẹ̀sọ̀ wí. "Epo tó mu ti gun orí rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ rìn láti Òkè-Amọ̀ dé ibí lórí tìmùtìmù, tí ẹ sì wọ bàtà agbégilódò, irú oúnjẹ wo lẹ máa jẹ kí ẹ tó dé?"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Adẹ́mu na ọrùn wo táyà. Bàbá Ẹ̀sọ̀ nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fún un ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ padà," ni Láṣùpọ̀ wí.

"Èèwọ̀! Ìkòkò á fọ́!"

Ìyá Morádéyọ̀ nu òógùn ojú rẹ̀. "Oyèkàńmi, ìkòkò tí kò dé ọjà, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó fọ́? Fún un ní afẹ́fẹ́."

Pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ adẹ́mu, tí kò ju ìka gígùn kan lọ. Òun ni wọ́n fi kojú táyà agbégilódò. Àgbẹ̀ á fẹ́ ẹ títí apá rẹ̀ á fi kú, á gbé e fún amọ̀kòkò, amọ̀kòkò á fẹ́ ẹ títí gèlè rẹ̀ á fi já bọ́, á gbé e fún adẹ́mu. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á lọ mu ẹmu, ẹni tó bá mu ẹmu á padà wá bẹ̀bẹ̀ fún pọ́ǹpù. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà dúró láti wòran, wọ́n sì gba iṣẹ́ ṣe. Kò sí ẹni tó tún rántí pé ìbínú ló gbé wọn dé ibẹ̀. Bàbá Ẹ̀sọ̀ nìkan ló ti padà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọ̀pá dá táńkì ró, ó ń ṣọ́ epo tí kò sí.

Díẹ̀díẹ̀, Ẹ̀sọ̀ Layé ń dìde. Ẹ̀gbẹ́ kan kọ́kọ́ gòkè, èkejì tẹ̀ lé e, bí ràkúnmí tó ń dìde lábẹ́ ẹrù. Nígbà tí wọ́n parí, Ìyá Morádéyọ̀ rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan tì í pẹ́rẹ́, bí ẹni ń ti ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé.

Ọkọ̀ náà gbéra.

"Yéè! Ó ń lọ!"

"Awakọ̀ dà? Ta ló wà nínú ẹ̀?"

Kò sí ẹni tó wà nínú ẹ̀. Láṣùpọ̀, tí kò sáré rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, sáré. Ó bá ọkọ̀ náà, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ga ju ikùn rẹ̀ lọ. Àwọn amọ̀kòkò sáré tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e nídìí bí ẹni ń gbé odó, wọ́n sọ ọ́ wọlé ní orí. Orí ni ó kọ́kọ́ kan bíréèkì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ó di sítíárì mú, ọkọ̀ sì doríkọ ìsàlẹ̀.

Lórí àpótí tó wà níta, Bàbá Ẹ̀sọ̀ gbá ara ọkọ̀ mọ́ra, dàńṣíkí rẹ̀ ń fẹ́ bí àsíá, ó sì ń kígbe ju bó ṣe kígbe láti àárọ̀ lọ.

"Olè! Mo ti mú ọ wàyí! O ní epo ti tán, kí ló wá ń gbé e lọ? Ibo lo fi pamọ́ sí?"

"Bàbá, ẹ tẹ́tí!" ni Láṣùpọ̀ ké láti ojú fèrèsé. "Ṣé ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì?"

Bàbá Ẹ̀sọ̀ tẹ́tí. Kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó gbọ́ ni atẹ́gùn tó ń wọ ẹnu àwọn ìkòkò lókè, tí gbogbo wọn ń dún húùùù, ńlá lóhùn kíkẹ̀, kékeré lóhùn tín-ín-rín.

Níwájú wọn, Ta Ló Mọ Ọ̀la ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ń ké ramúramù. Láṣùpọ̀ yà á sílẹ̀. Tìámíyù yọ orí síta, ó rí ọkọ̀ tó ń kọrin tó ń kọjá lára rẹ̀ láìyọ èéfín, ó rí Bàbá Ẹ̀sọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí aláǹgbá.

"Bàbá Ẹ̀sọ̀! Irú epo wo lẹ rà?"

"A ò ra nǹkan kan!" ni Bàbá Ẹ̀sọ̀ dáhùn, wọ́n sì kọjá.

Àwọn ará ọjà Agbède gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Láṣùpọ̀ ń tẹ bíréèkì, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fi í sílẹ̀, títí Ẹ̀sọ̀ Layé fi dúró jẹ́jẹ́ níwájú àtíbàbà àwọn awakọ̀, gbangba ibùdókọ̀ gan-an. Ìkòkò kan kò fọ́. Gbogbo awakọ̀ Agbède dìde wá wò ó.

Láṣùpọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀. "Bàbá, a ti dé ibi tí ẹ ní kí a dé. Ẹ pe orúkọ mi."

Bàbá Ẹ̀sọ̀ fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn. Ó ṣí àgádágodo, ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọ inú táńkì dé ìsàlẹ̀, ó fà á jáde. Ó gbẹ. Ó yí i lódì, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó gbẹ. Ó fi ahọ́n kan orí ọ̀pá náà níwájú gbogbo èèyàn, ó sì tutọ́ eruku dànù. Ọkọ̀ tó ń fi táńkì kíkún kú lójú ọ̀nà ti fi táńkì gbígbẹ wọ ọjà.

Àsìkò náà ni àwọn amọ̀kòkò dé, wọ́n ń mí hẹlẹ, àwọn àgbẹ̀ àti adẹ́mu lẹ́yìn wọn. Ìyá Morádéyọ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ Bàbá Ẹ̀sọ̀, ó fi tẹ táyà wò. Ó le.

"Oyèkàńmi," ó ní, gbogbo ibùdókọ̀ sì gbọ́, "o bú awakọ̀. O bú àwa amọ̀kòkò. O bú ìjọba. O ṣí orí ọkọ̀, o bú ẹnu rẹ̀, o ní kí wọ́n dín in kù. Ẹsẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ fi ọwọ́ rẹ wọ̀ fún un, tí ìwọ fúnra rẹ tún tẹ̀ rọ, o kò bojú wò ó. Ọmọ mi, wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí o tó bú ẹnu rẹ̀."

Àwọn awakọ̀ hó yèè. Wọ́n gbé Láṣùpọ̀ sókè, ó wúwo, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì ra gúgúrú fún un dípò rẹ̀. Bàbá Ẹ̀sọ̀ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ gbọọrọ fún awakọ̀ rẹ̀, ó sì yára débi pé Láṣùpọ̀ rò pé ó ṣubú ni.

Kó tó di ọjà mìíràn, wọ́n ti bọ́ bàtà agbégilódò, wọ́n ti dá ẹsẹ̀ Ẹ̀sọ̀ Layé padà fún un, mẹkáníìkì ti tún ẹnu rẹ̀ tó dì le ṣe, wọ́n sì ń fún un ní afẹ́fẹ́ bó ti yẹ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Koríko gbígbẹ ni àwọn amọ̀kòkò ń tẹ́ sáàárín ìkòkò wọn. Epo tún ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ṣẹ́kù. Aago pàápàá padà sí iye tó máa ń kà tẹ́lẹ̀. Láṣùpọ̀ gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ìṣísẹ̀ ni aago náà ń kà, pé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kì í ṣe ìṣísẹ̀ púpọ̀ kó tó débi tó ń lọ. Bàbá Ẹ̀sọ̀ kò gbà. Ó ní ẹ̀rù ló ba ìjọba tí wọ́n fi dá ọ̀nà padà.

Àwọn táyà ràgàjì náà kò pẹ́ nílẹ̀. Tìámíyù, tó rí ọkọ̀ tó fi wọ́n yà á sílẹ̀ láìsí epo, sáré wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tà á fún òun. Ó so ó mọ́ Ta Ló Mọ Ọ̀la, ó tẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde kó lè rọ̀ dáadáa, bó ṣe gbọ́ pé Bàbá Ẹ̀sọ̀ ṣe, ó sì ń retí ìyanu.

Nígbà tí òun àti Bàbá Ẹ̀sọ̀ tún fojú kan ara wọn, ẹ̀bá ọ̀nà ni. Ta Ló Mọ Ọ̀la dúró síbẹ̀, ó ga bí ilé alájà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Tìámíyù ti ti orí bọ inú rẹ̀, ó ń pe ẹ́ńjìnnì ní wọ̀bìà ọmọ wọ̀bìà. Láṣùpọ̀ fẹ́ kọjá. Bàbá Ẹ̀sọ̀ ní kó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó rọra rìn, ó tún dàńṣíkí rẹ̀ ṣe, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí àgbà tí òun gan-an ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Bàbá Ta-Ló-Mọ̀," ó ní, "àwọn àgbà a máa sọ ọ́ o: wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí o tó bú ẹnu rẹ̀."